Máàkì Àná àti Aṣọ Ogun: Bí Sójà Àtijọ́ Ṣe Ń Wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ní Amẹ́ríkà



Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ìwé ìròyìn Boston Globe gbé ohun kan jáde tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ní Amẹ́ríkà: máàkì tí John Kerry gbà nígbà tó wà ní yunifásítì Yale. Ọdún tó ṣáájú ni Kerry bá George W. Bush du ipò ààrẹ, tí Bush sì fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Ní gbogbo àsìkò ìpolongo ìbò, ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará ìlú ni pé Kerry ló mọ̀wé jù nínú àwọn méjèèjì. Ìwé máàkì kò jẹ́rìí sí i. Àpapọ̀ ọdún mẹ́rin Kerry jẹ́ 76 nínú 100. Ti Bush, tí òun náà jáde ní Yale, jẹ́ 77 ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ Kerry ló burú jù: 71 ni, D mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀.

Kerry jáde ní 1966, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, wọ́n sì rán an lọ sí Vietnam, níbi tó ti ń darí ọkọ̀ ojú omi kékeré lórí odò tí ọ̀tá ti ń ba dè wọ́n. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Silver Star, ó gba Bronze Star, ó sì gba Purple Heart mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Nígbà tó délé, ó dìde lòdì sí ogun náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1971, ó jókòó níwájú ìgbìmọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀, ó sì sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ó du ipò aṣòfin ní 1972, kò wọlé. Lẹ́yìn èyí ló wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ òfin. Boston College gbà á, ó jáde ní 1976, ó sì di agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́, kó tó di sẹ́nétọ̀, kó sì tó di ẹni tó ń ṣojú Amẹ́ríkà níwájú gbogbo ayé. Òun náà ló wá sí Èkó ní oṣù kìíní ọdún 2015, tó bá Goodluck Jonathan àti Muhammadu Buhari sọ̀rọ̀ kí ìdìbò tó wáyé.

Bush ní tirẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ti ìpínlẹ̀ Texas, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi ń jagun. Ó wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ òfin ti yunifásítì Texas. Wọ́n ní rárá. Ní 1973, ó gba Harvard lọ láti kọ́ ẹ̀kọ́ okòwò.

Ẹni méjì, yunifásítì kan náà, máàkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, aṣọ ológun lára àwọn méjèèjì. Ọ̀kan wọlé, wọ́n dá èkejì padà. Lóòótọ́, Kerry kì í ṣe sójà lásán. Ọmọ ilé ńlá ni, tẹlifíṣọ̀n sì ti sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kó tó kọ̀wé wá àyè. Sójà tó ti Houston tàbí Baltimore wá, tí bàbá rẹ̀ ń wa takisí, kò lè fi ti Kerry ṣe òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn méjèèjì fi ohun kan hàn kedere: àwọn tó ń gbani sí ilé ẹ̀kọ́ òfin kì í ka máàkì nìkan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í torí aṣọ ológun nìkan gba ẹnikẹ́ni.

Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Máàkì àtijọ́ kò ṣé é parẹ́, iṣẹ́ ológun kò sì lè gba ipò rẹ̀. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí sójà àtijọ́ ṣì lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí padà. Ibẹ̀ ló yẹ kí agbára rẹ̀ máa lọ, kì í ṣe sórí ẹkún ohun tó ti kọjá.

Ilé ẹ̀kọ́ òfin wo là ń wí?

Ètò Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Ní Nàìjíríà, ọmọ lè ti ilé ẹ̀kọ́ girama bọ́ sí ìdánwò JAMB, kó kọ́ òfin ní yunifásítì fún ọdún márùn-ún, kó tó wá lọ sí Nigerian Law School, bóyá ní Bwari, ní Èkó tàbí níbòmíràn, láti gbáradì fún iṣẹ́ lọ́yà. Ní Amẹ́ríkà, oyè yunifásítì ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà, nínú ẹ̀kọ́ yòówù tó bá wu ènìyàn. Ẹni tó kọ́ nípa ìtàn, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ẹni tó kọ́ ìṣirò lè jọ jókòó sí kíláàsì òfin kan náà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ òfin fúnra rẹ̀, oyè rẹ̀ sì ni wọ́n ń pè ní J.D.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ òfin tí ẹgbẹ́ àwọn amòfin Amẹ́ríkà, ABA, fọwọ́ sí sún mọ́ 200. Ọ̀dọ̀ àjọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní LSAC ni ìwé àwọn tó ń wá àyè ń gbà kọjá. Àjọ yìí ló ń ṣe ìdánwò LSAT, òun náà ló ń kó ìwé máàkì jọ, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, nǹkan méjì tó máa ń kọ́kọ́ hàn lórí ìwé ẹnikẹ́ni ni máàkì yunifásítì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní GPA, àti èsì LSAT rẹ̀.

Ìṣirò tó ń bá sójà lójijì

Ìtàn kan wà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn sójà àtijọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ládùúgbò torí pé àwọn òbí rẹ̀ ní kó lọ. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó ń sùn ní kíláàsì, nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Kò sì kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni pé òun ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. D àti F kún ìwé rẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ sójà, ó lo ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ó gbọ́n, ó sì mọ ohun tó ń wá. Ó padà sí yunifásítì mìíràn, A sì ń tẹ̀ lé A.

Lọ́jọ́ tó jáde, ìwé yunifásítì rẹ̀ gbé GPA 3.8 fún un, torí pé ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í ka máàkì ilé ẹ̀kọ́ mìíràn mọ́ tiwọn. Inú gbogbo ẹbí dùn. Ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LSAC, wọ́n sì dá a lóhùn pé GPA rẹ̀ jẹ́ 3.24.

Irọ́ kọ́. LSAC ń ka gbogbo máàkì tí ènìyàn gbà ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga tó lọ títí ó fi gba oyè àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣe kọ́ọ̀sì tó jẹ́ yúnìtì 30 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ pẹ̀lú GPA 1.0, tó sì ṣe yúnìtì 120 ní yunifásítì kejì pẹ̀lú 3.8, àpapọ̀ rẹ̀ á wálẹ̀ sí 3.24. Kọ́ọ̀sì tó tún ṣe nítorí pé ó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ kò ní pa F àkọ́kọ́ rẹ́: tí àwọn méjèèjì bá ṣì wà lórí ìwé, wọ́n á ka àwọn méjèèjì. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ nígbà tí àyè àtifisílẹ̀ ti kọjá, tí wọ́n sì fi ìyà jẹ ẹ́ lórí ìwé, LSAC á kà á sí F. Ṣùgbọ́n W lásán, tí kò ní ìyà nínú, kò wọ inú ìṣirò.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí sójà tí wọ́n gbé lọ sójú ogun láàárín sáà ẹ̀kọ́ wo ìwé rẹ̀ dáadáa. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fi F síbi tó yẹ kí W wà, ó lè mú ìwé àṣẹ tí iṣẹ́ ológun fi gbé e lọ padà síbẹ̀, kó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣàtúnṣe. Ọ̀rọ̀ yìí lè gba oṣù díẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tó tọ́ láti yí máàkì àtijọ́ padà ni.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹni tí kò tíì jáde mọ̀. Ọjọ́ tó bá gba oyè àkọ́kọ́ ni ilẹ̀kùn ìṣirò náà tì. Oyè kejì, bó ti wù kó dára tó, kò ní kún GPA yẹn. Ó lè jẹ́ ẹ̀rí pé ó lè kàwé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò ní sún.

Ẹni tó wà láàárín gan-an

Kí ló dé tí nọ́ńbà fi ń jẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ òfin lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀? ABA pàṣẹ pé kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa gbé ìwé kan jáde lọ́dọọdún, kí gbogbo ayé lè rí bí kíláàsì tuntun wọn ṣe rí. Wọ́n ń to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orí ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ ga jù, wọ́n á wá kọ máàkì ẹni tó bọ́ sí àárín gan-an sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún GPA, wọ́n ń ṣe é fún LSAT. Ìwé ìròyìn U.S. News sì ń fi nọ́ńbà àárín wọ̀nyí to àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ipò kìíní, ipò kejì, títí dé ìsàlẹ̀. Ní 2023, wọ́n dín agbára nọ́ńbà náà kù: LSAT di 5 nínú 100, GPA di 4. Síbẹ̀, àwọn tó ń gbani wọlé kò tíì gbàgbé àṣà àtijọ́.

Inú ètò yìí gan-an ni àǹfààní sójà wà. Nọ́ńbà àárín kò bìkítà nípa bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣe jìn tó. Bí GPA àárín ilé ẹ̀kọ́ kan bá jẹ́ 3.7, ẹni tó ní 3.6 àti ẹni tó ní 2.7 wà ní apá ìsàlẹ̀ kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà. Bí ẹni tó ní 2.7 bá wá gba LSAT tó ju ti àárín lọ, ohun tó gbé wá lápá kejì á jẹ ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́kàn. Wọ́n lè sọ fún ara wọn pé, “Ẹni yìí ń gbé LSAT wa sókè, ó sì ní ìdí tí máàkì rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀.” Ní ìdà kejì, ẹni tí GPA àti LSAT rẹ̀ jọ wà nísàlẹ̀ ń béèrè pé kí wọ́n fara da ìṣòro méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, LSAT ni ohun tó lágbára jù tí sójà àtijọ́ tó ti jáde yunifásítì ṣì lè yí padà. Èsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 120, ó parí sí 180. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n ti yọ abala eré ìrònú tó máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú kúrò. Ohun tó kù ni kíka àyọkà àti títú àríyànjiyàn wò: kí ni ẹni yìí ń sọ, kí ló fi gbè é lẹ́sẹ̀, ibo ni ìdí rẹ̀ ti já? Ìṣẹ́jú 35 ni wọ́n ń fún abala kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà kí ènìyàn ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju ìgbà méje lọ láyé ẹni. Èsì tó ga jù ni ilé ẹ̀kọ́ ń kọ sínú ìwé ABA, nítorí náà títún un ṣe kì í ṣe ìtìjú.

Sójà tó ti mọ́ lára láti jí ní aago márùn-ún òwúrọ̀, tó mọ̀ pé ohun tí wọn kò bá fi ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́ kò ní yọrí lọ́jọ́ ogun, ní ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kò ní. Oṣù mẹ́fà ìmúrasílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìdánwò àtijọ́ tí LSAC fúnra rẹ̀ ń gbé jáde, lè ṣe ohun tí ẹkún ọdún mẹ́wàá lórí GPA kò lè ṣe.

Iṣẹ́ ológun kì í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn sójà ni kí wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti kọ “ọmọ ogun Amẹ́ríkà” sórí ìwé, ó parí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ìwé náà kò tíì wọ bárékè rí. Bí wọ́n bá rí “92Y, E-5”, wọn ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tó bá kọ ọ́ lọ́nà tó yé ènìyàn, pé òun ló ń bójú tó ohun èlò ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan, pé iye owó ohun èlò náà báyìí ni, pé àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ òun báyìí ni, pé wọ́n yẹ̀wé òun wò, ohunkóhun kò sì sọnù, ti sọ nǹkan tí lọ́yà lè lóye. Iṣẹ́ lọ́yà pàápàá kún fún ìwé, ẹ̀rí àti ìṣirò tí kò gbọdọ̀ já.

Bákan náà ni lẹ́tà ìjẹ́rìí. Ilé ẹ̀kọ́ òfin fẹ́ràn lẹ́tà olùkọ́ yunifásítì, torí pé olùkọ́ ló mọ bí ẹni náà ṣe ń ronú, bó sì ṣe ń kọ̀wé. Ẹni tó ti jáde tipẹ́ lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, bí ọ̀gá náà bá lè sọ ohun kan pàtó: ìròyìn tó kọ, wàhálà tó yanjú, ọjọ́ tó lè dákẹ́ ṣùgbọ́n tó sọ òótọ́. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ jẹ́nẹ́rà tí kò mọ̀ ọ́n rí kò wúlò bíi lẹ́tà sájẹ́ǹtì tó bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ máàkì tí kò dára wá ńkọ́? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbà kí ènìyàn fi àfikún àlàyé kékeré sí ìwé rẹ̀. Ibẹ̀ ni kó ti sọ ọ́, kì í ṣe inú àròkọ nípa ara rẹ̀. Ìdajì ojú ìwé tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ọdún tó ṣẹlẹ̀, ohun tó yí padà, àti ẹ̀rí pé ó yí padà lóòótọ́. “Láti 2009 sí 2010, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì láìní ìpinnu, mo sì ń ṣiṣẹ́ ogójì wákàtí lọ́sẹ̀. Mo wọ iṣẹ́ sójà ní 2011. Láti ìgbà tí mo ti padà ní 2016, GPA mi jẹ́ 3.8 nínú yúnìtì 120.” Ó tán. Ẹni tó bá ń fẹ̀sùn kan olùkọ́, tó ń bú bàbá rẹ̀, tàbí tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àánú, ó ń fi hàn pé òun kò tíì gba ẹrù òun.

Àròkọ nípa ara ẹni gbọ́dọ̀ lọ síwájú ju ìyẹn lọ. Kò yẹ kó jẹ́ ìtàn ìbọn. Àwọn tó ń kà á ti rí ìtàn aṣálẹ̀ Iraq àti òkè Afghanistan lọ́pọ̀lọpọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìdí tó fi jẹ́ pé òfin ni ẹni náà ń wá. Sójà tó rí i bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe dúró fún ọdún púpọ̀ kí ìjọba tó san owó ìfarapa rẹ̀, tó sì bá a ka gbogbo lẹ́tà tí wọ́n fi ń dá a padà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà kó tó mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ òfin William & Mary ní Virginia ní ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbèjà irú àwọn sójà bẹ́ẹ̀. Orúkọ Lewis Puller kékeré ni wọ́n fi sọ ibẹ̀. Ọmọ ogun Marine ni; ó pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì ní Vietnam ní 1968, ó padà wá kọ́ òfin ní William & Mary, ó sì jáde ní 1974.

Nǹkan kan kù tí kò gbọdọ̀ farasin. Fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ òfin máa ń béèrè bóyá ẹni náà ti jìyà rí, lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, lọ́wọ́ ọlọ́pàá tàbí nínú iṣẹ́ ológun. Bí Article 15, ìyà tí ọ̀gá ológun fi ń jẹ sójà láìgbé e lọ sílé ẹjọ́, bá wà nínú ìwé rẹ̀, tàbí wọ́n mú un rí pé ó mu ọtí wakọ̀, kó sọ ọ́ bí ìbéèrè náà ṣe wí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ lọ́yà á tún béèrè, wọ́n á sì gbé ohun tó kọ nígbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó kọ nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni wọ́n máa ń fojú fò. Irọ́ ni wọn kì í fojú fò.

Nígbà tí máàkì kọ́ ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn

Ó yẹ ká rántí pé ìgbà kan wà tí máàkì rere àti iṣẹ́ ológun kò lè ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Medgar Evers jagun ní Yúróòpù nígbà ogun àgbáyé kejì, ó padà wálé, ó gboyè ní Alcorn ní 1952. Nígbà tó wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ òfin yunifásítì Mississippi ní 1954, wọ́n kọ̀ fún un. Ó di òṣìṣẹ́ àgbà NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní ìpínlẹ̀ náà, títí wọ́n fi yìnbọn pa á níwájú ilé rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1963.

James Meredith lo ọdún mẹ́sàn-án nínú iṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú. Ilé ẹjọ́ ló fipá mú yunifásítì Mississippi yìí kan náà láti gbà á ní 1962. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ènìyàn méjì kú. Constance Baker Motley, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ òfin Columbia, ni lọ́yà tó gbé ẹjọ́ náà dé òpin. Nígbà tí Meredith jáde ní 1963, Nàìjíríà ló gbà lọ, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní yunifásítì Ìbàdàn ní 1964 sí 1965. Láti Ìbàdàn ló ti padà wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin Columbia, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1968. Sójà tí ìgbìmọ̀ ń bi léèrè lónìí nípa D tó gbà ní 2009 ń gba ilẹ̀kùn tí àwọn wọ̀nyí fi ara ṣí wọlé.

Owó, oṣù, àti ìwé ìtúsílẹ̀

Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin GI Bill, tí ìjọba fi ń sanwó ẹ̀kọ́ fún sójà àtijọ́, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1944. Nígbà tó fi máa di 1956, nǹkan bí mílíọ̀nù 7.8 sójà ti fi kọ́ ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́, mílíọ̀nù 2.2 nínú wọn ló lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. William Rehnquist àti John Paul Stevens, tí àwọn méjèèjì di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀.

Èyí tó wà lóde báyìí ni Post-9/11 GI Bill. Sẹ́nétọ̀ Jim Webb ló gbé e wá. Òun náà jagun ní Vietnam, ó sì lọ kọ́ òfin ní Georgetown nígbà tí ọgbẹ́ ogun mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bush, tí Texas dá padà nígbà kan, ló fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà ọdún 2008. Ẹni tó bá lo oṣù 36 lẹ́nu iṣẹ́ ogun ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo rẹ̀: owó ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní iye tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san, owó ilé gbígbé lóṣooṣù, àti owó ìwé tó lè tó 1,000 dọ́là lọ́dún. Fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, òdiwọ̀n wà. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, kò tó 29,000 dọ́là, bẹ́ẹ̀ àwọn ńláńlá inú wọn ń gba ju 70,000 lọ. Ètò Yellow Ribbon ló ń dí àlàfo yẹn: ilé ẹ̀kọ́ á san díẹ̀, ìjọba á san iye kan náà lé e.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni iye oṣù. Oṣù 36 ni ìjọba fi ń sanwó ẹ̀kọ́ fún sójà kan. Ọdún mẹ́rin yunifásítì, ní oṣù mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, jẹ́ 36 gééré. Ọdún mẹ́ta òfin jẹ́ 27. Ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ sórí oyè àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò wọ́n, yóò wá máa yá owó fún ilé ẹ̀kọ́ òfin tó wọ́n. Ó sàn kó ṣírò rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní Texas, òfin Hazlewood lè yọ owó yúnìtì 150 kúrò lọ́rùn sójà tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ James Rudisill, sójà àtijọ́ tó ṣiṣẹ́ ju sáà kan lọ, pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lo ètò GI Bill méjì tó bá ní ẹ̀tọ́ sí, títí dé oṣù 48. Ẹni tó bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó lọ béèrè tirẹ̀.

Ìwé ìtúsílẹ̀, DD-214, ló ń jẹ́rìí sí gbogbo èyí. GI Bill fẹ́ kí ó jẹ́ “Honorable”. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ “General” lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò láàárín ọdún 15 tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí

Láti 2009 títí di 2016, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI gba àwọn àjèjì tó ju 10,000 lọ sínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nítorí èdè tàbí iṣẹ́ ìwòsàn tí wọ́n mọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà kíákíá. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá, pẹ̀lú Igbo àti Hausa. Àwọn kan tó gba ọ̀nà náà wọlé ti ní oyè láti Nàìjíríà kí wọ́n tó wọ aṣọ sójà.

Ẹni tí oyè kan ṣoṣo rẹ̀ wá láti Ifẹ̀ tàbí Ìlọrin kì í ní GPA LSAC rárá. Wọ́n á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀wé òkèèrè wò, wọ́n á sì dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi “àárín” tàbí “ó ju àárín lọ”, kì í ṣe nọ́ńbà. Bí third class ló gbà, yóò hàn, ṣùgbọ́n kò ní wọ inú ìṣirò GPA àárín kíláàsì náà. Èyí mú kí LSAT rẹ̀ àti lẹ́tà rẹ̀ wúwo sí i. Ó sì yẹ kó fi gbólóhùn kan tàbí méjì ṣàlàyé bí máàkì ṣe le tó ní yunifásítì tó lọ, àti ohun tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ṣe sí ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Níbo ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin sójà àtijọ́ tí ẹ jókòó síbí, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn kan á wọlé lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n á dá àwọn kan padà, wọ́n á sì tún kọ̀wé lọ́dún tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú LSAT tó ga sí i. Ẹ má ṣe gba àyè síbikíbi kìkì torí pé wọ́n ní “ẹ wọlé”. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ wo iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà tó yege ìdánwò lọ́yà àti iye tó ríṣẹ́. ABA ti pàṣẹ kí wọ́n gbé e jáde, ọ̀fẹ́ sì ni.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè ìwé máàkì yín lọ́wọ́ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ẹ ti lọ rí, títí kan èyí tí ẹ ti ń tijú láti dárúkọ. Ẹ ṣírò GPA yín bí LSAC ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ LSAT tó fún yín ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ LSAC àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n lè yọ owó fọ́ọ̀mù yín, torí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é fún sójà. Ẹ kàn sí Service to School, àjọ tó ń ran àwọn sójà àtijọ́ lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Kí ìwé yín sì wọlé ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, torí bí wọ́n ṣe ń rí ìwé ni wọ́n ń gbani.

Ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ wà láàárín wa, iṣẹ́ kan wà lọ́rùn yín náà. Ẹ gba ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí ẹ bá a ka àròkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ránṣẹ́.